Ìdọ̀tí Ara Kọ́ Ni Wọ́n Ń Wẹ̀ Sínú Omi Onsen

Gbogbo ohun tí mo sọ fún àǹtí mi nípa ìrìn àjò mi sí Jàpáànù ló dùn mọ́ wọn nínú, àfi ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ omi. Mo ní mo fẹ́ sun ọjọ́ méjì nílé àlejò kan létí òkun ní Izu, níbi tí omi gbígbóná ti ń ti inú ilẹ̀ jáde, tí àwọn àlejò sì jọ ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. Wọ́n wá ní, "Ṣé omi tí ogún èèyàn ti wẹ̀ sí ni ìwọ náà fẹ́ fi wẹ̀? Àrùn lo fẹ́ lọ kó wálé yẹn."

Mi ò bá wọn jiyàn. Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù: pé onsen, orúkọ tí àwọn ará Jàpáànù ń pe omi gbígbóná inú ilẹ̀, jẹ́ ibi tí èèyàn ti ń fi ìdọ̀tí ara ẹlòmíràn wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì dùn mí pé èrò yìí ń lé èèyàn kúrò nídìí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ omi àti ara pa pọ̀, ìwẹ̀ ló máa ń sọ síni lọ́kàn: garawa, kànìnkànìn, ọṣẹ, àti ìdọ̀tí tó ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Lédè Jàpáànù, fífọ ara ọ̀tọ̀, wíwọ inú omi ọ̀tọ̀. Arau ni wọ́n ń pe kéèyàn fọ nǹkan. Tsukaru ni kéèyàn rì sínú omi títí dé ọrùn, kó jókòó jẹ́ẹ́. Omi gbígbóná pàápàá ní orúkọ tirẹ̀, yu, wọn kì í pè é ní mizu tí í ṣe omi tútù. Yu yìí ni ẹ ó rí lára aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà ilé omi.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo débẹ̀. Nakai, ìyẹn obìnrin tó ń tọ́jú yàrá àlejò, gbé tíì aláwọ̀ ewé àti àkàrà òyìnbó kékeré kan wá fún mi, ó wá fi bí wọ́n ṣe ń wọ yukata hàn mí, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àlejò máa ń wọ̀ káàkiri inú ilé. Apá òsì ló gbọ́dọ̀ wà lókè apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì, ó sì tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi. Àwa obìnrin ní tiwa lọ́tọ̀, àwọn ọkùnrin ní tiwọn. (Àwọn ibi tí takọtabo ti jọ ń wọ inú omi kò tán, àmọ́ wọn ò pọ̀ mọ́.) Gbogbo aṣọ la bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ kankan kì í wọ inú omi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ibi tí wọ́n ti ń fọ ara wà, àwọn àpótí ìjókòó kúkúrú tò lọ, ṣáwà kan, dígí kan àti bàsíà kan níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Èèyàn á jókòó ni, kì í dúró, kí omi má baà ta sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fọ ara mi bí mo ṣe máa ń fọ̀ ọ́ nílé, mo dìde. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi ìka kan ẹ̀yìn etí tiwọn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí mi. Ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀, ó ń hó. Mo padà jókòó.

Ìgbà yẹn ni mo tó wò wọ́n dáadáa. Kí n tó wọlé ni wọ́n ti ń fọ ara, wọn ò sì tíì ṣe tán: àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, gìgísẹ̀, ìgúnpá, ẹ̀yìn ọrùn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi omi ṣan àpótí náà, wọ́n ṣan bàsíà, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi, wọ́n sì mọ ara fọ̀ fọ́mọ, síbẹ̀ mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n wá lọ sétí adágún, wọ́n bu omi gbígbóná sí ẹsẹ̀, sí ìbàdí, sí èjìká, kí ara lè mọ̀ pé ooru ń bọ̀. Wọ́n rọra wọlé, omi ò tilẹ̀ ru. Aṣọ ìnura kékeré wọn wà lórí wọn ní kíká, torí kò gbọdọ̀ kan omi. Irun tó bá gùn, dídì ni.

Àgbo ni mo fi ṣàlàyé fún àǹtí mi. Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ wá ní kékeré, ọṣẹ ló máa ń ṣáájú, wọ́n á ṣan ọṣẹ kúrò, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á bu àgbo síni lára, á sì gbẹ mọ́ra. Ta ló ń fọ ọṣẹ sínú ìkòkò àgbo? Ojú tí a fi ń wo àgbo ni àwọn ará Jàpáànù fi ń wo omi onsen. Láti 1948 ni wọ́n ti ní òfin tó sọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: omi tó ti inú ilẹ̀ jáde, tó sì gbóná tó ìwọ̀n 25 ti Celsius lójú ìsun rẹ̀, tàbí tó ní ó kéré tán ọ̀kan nínú èròjà 19 tí òfin náà tò sílẹ̀. Bí a bá fi òfin yìí wọn omi gbígbóná Ikọ̀gọ̀sí l'Ékìtì, onsen ni.

Ìgbàgbọ́ òdì kejì máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ bí onsen bá wà létí òkun: pé omi òkun lásán ni wọ́n gbé kaná. Ó yé mi bó ṣe jẹ́, torí pé omi náà kan ètè mi, ó sì níyọ̀. Bí ìlú Atami, lẹ́nu ọ̀nà Izu, ṣe ń jẹ́ gan-an ni "òkun gbígbóná". Lóòótọ́, apá kan iyọ̀ náà lè ti inú òkun wá. Omi òkun a máa wọ inú àpáta lọ sísàlẹ̀, á pàdé omi òjò tó ti wọlẹ̀ láti orí òkè, ooru inú ilẹ̀ á mú wọn, wọn á sì kó èròjà inú àpáta mọ́ra kí wọ́n tó padà jáde. Kò sẹ́ni tó gbé e kaná. Iyọ̀ yẹn ló máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, tí kì í jẹ́ kí ooru tètè sá lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú omi bẹ́ẹ̀ ní netsu no yu, omi ooru. Mo rìn padà sí yàrá nínú afẹ́fẹ́ òkun lálẹ́, ara mi ṣì gbóná títí mo fi sùn.

Irú omi yìí kan náà ni Tokugawa Ieyasu lọ wọ̀ fún ọjọ́ méje ní Atami lọ́dún 1604, ẹni tó ti di shogun, olórí ogun àti olùṣàkóso ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ru omi Atami nínú àgbá lọ sí ààfin ní Edo, tí í ṣe Tokyo òní. Ta ni yóò ru omi ìdọ̀tí lọ sí ààfin?

Ewu tó yẹ kéèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àǹtí mi ń bẹ̀rù. Ní àwọn ilé kan, omi ìsun tuntun ń wọlé tọ̀sán tòru, èyí tó kún ju ń ṣàn dànù. Kakenagashi ni wọ́n ń pè é. Ní àwọn ilé mìíràn, wọ́n ń sẹ́ omi náà, wọ́n ń dá a padà, wọ́n sì ń fi oògùn apakòkòrò sí i. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Bí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Legionella á máa bí sí i nínú páìpù, èèyàn á sì fa ìkùukùu omi náà símú. Ní 2002, èèyàn 7 kú nípa bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ sí ilé omi tuntun kan ní Hyuga, ní Miyazaki. Ní 2023, àṣírí tú ní Fukuoka pé ilé àlejò àtijọ́ kan ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, nígbà tó yẹ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n rí kòkòrò yìí níbẹ̀ ní ìlọ́po 3,700 iye tí wọ́n gbà láàyè. Inú bí gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe ara ẹni tó jókòó tì yín ló fa èyí. Àìbìkítà onílé ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó bọ́ aṣọ, ẹ wo ògiri. Ìwé kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń sọ ibi tí omi ti wá, bó ṣe gbóná tó lójú ìsun àti èròjà inú rẹ̀. Láti 2005 ni òfin ti ní kí onílé kọ ọ́ síta bí ó bá bu omi mìíràn lù ú, bí ó bá fi iná kún ooru rẹ̀, bí ó bá ń dá a padà, tàbí bí ó bá fi oògùn sí i. Mo bẹ nakai kó bá mi kà á. Ó ní omi ìsun tiwọn ti gbóná jù, pé wọ́n ń fi omi tútù là á ni, ìyẹn nìkan. Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kà á, ìlà kan sí òmíràn, kò sì yára.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àǹtí mi nígbà tí mo dé. Wọ́n dákẹ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́ lọ́jọ́sí, wọ́n wá béèrè bóyá èèyàn lè mú kànìnkànìn tirẹ̀ dání. Mo ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n sì jẹ́ kó dé ẹ̀yìn etí.