Wíkẹ́ẹ̀tì 637 láìgbá Test kan rí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Rajinder Goel

Ìtàn ọkùnrin yìí máa ń rú àwọn olólùfẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì lójú. Òun ló mú wíkẹ́ẹ̀tì jù lọ nínú ìdíje Ranji, ìdíje abẹ́lé tó ga jù ní Íńdíà, síbẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù tán, ó fẹ̀yìn tì, ó sì kú láìgbá Test kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jáde nípa rẹ̀ nìwọ̀nyí.

Ta ni Goel gan-an?

Ìlú Narwana ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1942, ní apá ilẹ̀ Punjab ní Íńdíà tó di ìpínlẹ̀ Haryana lónìí. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún 17 nígbà tó kọ́kọ́ gbá nínú ìdíje Ranji ní sáà 1958 sí 1959, kò sì fi í sílẹ̀ títí di sáà 1984 sí 1985. Ó gbá fún Patiala, ó gbá fún Southern Punjab, ó lọ sí Delhi, ó wá parí rẹ̀ sí Haryana. Wíkẹ́ẹ̀tì 637 ló mú nínú Ranji nìkan. Tí a bá ro gbogbo ìfigagbága ńlá tó gbá pọ̀, 750 ni, nínú ìfigagbága 157. Ọdún 2020 ló kú ní ìlú Rohtak.

Èmi ò gbọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Kí ni wíkẹ́ẹ̀tì, kí sì ni Test?

Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì á fi bátì gbá a kó má bàa lu igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá lu igi, tàbí bí ẹni tó mú bátì bá gbá a sókè tí ọ̀tá sì hán an kó tó balẹ̀, onítọ̀hún ti jáde nìyẹn, ajubọ́ọ̀lù sì ti mú wíkẹ́ẹ̀tì kan. Ráànù ni ayò tí àwọn tó mú bátì ń kó jọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ajubọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́, iye ráànù tó jẹ́ kí wọ́n kó kó tó rí wíkẹ́ẹ̀tì kan la ó wò; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní 25 kì í ṣe ẹni àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Ti Goel jẹ́ 18.58.

Test ni ìfigagbága ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Kò sí èyí tó ga tó o lójú àwọn àgbà eré náà.

Irú bọ́ọ̀lù wo ló ń jù?

Àwọn ajubọ́ọ̀lù kan wà tó jẹ́ pé eré ni wọ́n gbójú lé: wọ́n á sáré wá láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù á sì kọjá lójú ẹni tó mú bátì kó tó ṣẹ́jú. Goel kì í ṣe ara wọn. Ìka ni àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ fi ń lọ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ jẹ́jẹ́, àmọ́ tó bá ti kan ilẹ̀, ó yà síbi tí ojú kò retí. Ti ọlọ́wọ́ òsì máa ń yà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún mú bátì, tí onítọ̀hún bá sì nawọ́ tọ̀ ọ́, etí bátì ni yóò fi kàn án, àwọn tó dúró lẹ́yìn yóò sì hán an. Ilẹ̀ Íńdíà tètè máa ń gbẹ tó sì máa ń sán, ibẹ̀ sì ni irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Ti Goel tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í sọ bọ́ọ̀lù sókè púpọ̀. Ó ń jù ú pẹ́ẹ́lẹ́, ó yára díẹ̀, ojú kan náà ló sì ń balẹ̀ sí látàárọ̀ dalẹ́. Sunil Gavaskar, ẹni àkọ́kọ́ tó kó ráànù 10,000 nínú Test, tó sì dojú kọ àwọn asáré-jubọ́ọ̀lù West Indies láìdé akoto, jẹ́wọ́ pé Goel máa ń da òun láàmú nítorí kò fún òun láyè láti jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù. Ó tiẹ̀ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó fi sọ̀rọ̀ àwọn tó kà sí akọni.

Kí ló wá dé tí Íńdíà ò fi mú un?

Ìdáhùn tí gbogbo èèyàn ń fọ̀ ni Bishan Singh Bedi. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ọlọ́wọ́ òsì tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù ni Bedi náà, ọmọ ilẹ̀ Punjab bíi Goel, Goel sì fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ìparí ọdún 1966 ni Bedi wọ Test ní Calcutta, ó sì jókòó síbẹ̀ títí di 1979: Test 67, wíkẹ́ẹ̀tì 266. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń fò sókè bí ẹni pé ó ń bẹ ẹni tó mú bátì pé kó wá gbá òun, ẹni tó bá sì dá a lóhùn á kábàámọ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó máa yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì tiẹ̀ jọ gbá fún Delhi rí, kí Goel tó kọjá sí Haryana.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé ọmọ ọdún 24 ni Goel nígbà tí Bedi dé. Kí ló ń ṣe ṣáájú ìgbà náà? Àwọn ọlọ́wọ́ òsì méjì mìíràn ló wà lójú ọ̀nà: Bapu Nadkarni àti Salim Durani. Àwọn yẹn kì í ju bọ́ọ̀lù nìkan, wọ́n tún mọ bátì í mú. Goel ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ní sáà 1964 sí 1965, wọ́n jẹ́ kó gbá pẹ̀lú Íńdíà kojú Ceylon, tó di Sri Lanka lónìí, ní Ahmedabad. Àmọ́ Ceylon kò tíì dé ipò orílẹ̀-èdè tó ń gbá Test, nítorí náà wọn ò ka ìfigagbága yẹn sí Test.

Ṣé ọlọ́wọ́ òsì méjì kò lè jọ wọ ẹgbẹ́ ni?

Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́. Àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ló máa ń sọ pé bí bọ́ọ̀lù ẹni méjì bá ń yà sí ibì kan náà, ọ̀kan ti tó. Ẹ rántí ipò gólì nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀: nínú Ife Àgbáyé 2010, Vincent Enyeama ló mú gólì fún Nàìjíríà nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Austin Ejide àti Dele Aiyenugba jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àmọ́ èmi ò gba àwáwí yẹn wọlé tán, torí pé Íńdíà fúnra rẹ̀ máa ń rú u. Mẹ́rin ni àwọn tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn kàn nígbà náà: Bedi, Chandrasekhar, Prasanna àti Venkataraghavan. Bọ́ọ̀lù Prasanna àti ti Venkataraghavan, ibì kan náà ni wọ́n ń yà sí, síbẹ̀ wọ́n jọ wọ pápá nígbà púpọ̀. Ní Birmingham lọ́dún 1967, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbá pọ̀. Ọ̀rọ̀ ibì kan náà yìí, ọlọ́wọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń kà á sí lọ́rùn. Venkataraghavan ní àfikún tirẹ̀ ṣá o: ó ń hán bọ́ọ̀lù dáadáa, ó sì lè di bátì mú fún ìgbà díẹ̀.

Ṣé àyè kankan ò yọ rárá?

Ó yọ lẹ́ẹ̀kan, èyí ló sì dùn mí jù nínú ìtàn náà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Íńdíà wà ní Ẹ́ńgílándì lọ́dún 1974, Bedi lọ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, inú àwọn aláṣẹ kò sì dùn sí i. West Indies ń bọ̀ wá sí Íńdíà ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n sì fìyà jẹ Bedi: kò ní gbá Test àkọ́kọ́ ní Bangalore. Wọ́n ránṣẹ́ pe Goel. Ó ti pé 32. Bedi ò sí nílé, ọlọ́wọ́ òsì mìíràn tó mọṣẹ́ ọ̀hún bíi tirẹ̀ kò sì sí lára àwọn tí wọ́n pè. Ta ló tún kù?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, wọ́n ka orúkọ àwọn 11. Prasanna wà níbẹ̀. Venkataraghavan wà níbẹ̀. Chandrasekhar wà níbẹ̀. Goel ò sí níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kó wọ pápá, méjì nínú wọn sì ń lọ́ ọ síbì kan náà. Ọjọ́ yẹn ni Viv Richards àti Gordon Greenidge gbá Test wọn àkọ́kọ́. West Indies fi ráànù 267 na Íńdíà. Nígbà tí wọ́n dé Delhi fún Test kejì, wọ́n ti dárí ji Bedi, ó ti padà sáyè rẹ̀. Goel padà sí Haryana.

Ó lè jẹ́ pé wíkẹ́ẹ̀tì 637 náà rọrùn ni?

Ìbéèrè tó dáa nìyí. Apá àríwá ni Goel ti ń gbá, agbègbè-agbègbè ni wọ́n sì ń pín Ranji nígbà náà, tó túmọ̀ sí pé ó máa ń pàdé Jammu àti Kashmir lọ́dọọdún. Wọn ò lágbára nígbà yẹn rárá. Ó jẹ nínú wọn, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ajubọ́ọ̀lù apá àríwá ló láǹfààní àtijẹ nínú wọn, kò sì sí èyí tó dé 637. Ẹni tó tẹ̀ lé e lórí àkọsílẹ̀ Ranji ni Venkataraghavan, tó ní 530.

Ṣé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí?

Rárá o. Ní Bombay, Padmakar Shivalkar wà níbẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì náà, wíkẹ́ẹ̀tì 589 nínú gbogbo ìfigagbága ńlá tó gbá, kì í ṣe Ranji nìkan. Nínú àṣekágbá Ranji sáà 1972 sí 1973 kojú Tamil Nadu, ní Madras, wíkẹ́ẹ̀tì 13 ló mú, ráànù 34 péré sì ni wọ́n rí kó lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Òun náà ò gbá Test rí títí tó fi kú ní 2025. Ẹ ronú sí i: ní ọdún kan náà, ní orílẹ̀-èdè kan náà, ọlọ́wọ́ òsì mẹ́ta tó lè ṣẹ́gun fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí láyé, ìjókòó kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ Stuart MacGill ti Ọsirélíà sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó sàn díẹ̀. Shane Warne ló dí ọ̀nà tirẹ̀. Síbẹ̀ MacGill gbá Test 44, ó sì mú wíkẹ́ẹ̀tì 208. Nínú Test 16 tí òun àti Warne ti jọ gbá, MacGill mú 82, Warne mú 74. Irú bọ́ọ̀lù kan náà ni àwọn méjèèjì ń jù o! Mi ò mọ ohun tó tún kù tí èèyàn lè fi da àwáwí «ọ̀kan ti tó» yẹn nù.

Kó gbá ẹyọ kan ńkọ́? Ṣé kò sàn ju kó má gbá rárá lọ?

Ẹ bi Bryce McGain, òun náà ń lọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà tí Ọsirélíà fún un ní Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Cape Town, oṣù kẹta 2009. South Africa kó ráànù 149 lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò rí wíkẹ́ẹ̀tì kan mú, wọn ò sì pè é mọ́. Ní ọdún tó ṣáájú, Jason Krejza, ọmọ Ọsirélíà tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù náà, mú wíkẹ́ẹ̀tì 12 nínú Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Nagpur, wọ́n sì kó 358 lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Test kan péré ló tún gbá lẹ́yìn náà. Orúkọ Goel mọ́ nítorí pé kò sí ọjọ́ burúkú kan tí wọ́n lè fi tọ́ka sí i, àmọ́ mo gbà pé ì bá gba ti McGain bí wọ́n bá ní kó mú un.

Nígbà tí Bedi lọ tán ńkọ́?

Goel ti ń lọ sí 37. Dilip Doshi ni wọ́n mú, ọlọ́wọ́ òsì mìíràn, tó ti pé 31 kó tó gbá Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1979, tó sì mú wíkẹ́ẹ̀tì 114. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ravi Shastri dé, ọmọdé, tó tún mọ bátì.

Ṣé inú bí i?

Nígbàkigbà tí wọ́n bá bi í, ohun tó máa ń sọ ni pé Bedi mọ̀ ọ́n ju òun lọ, pé àkókò tí wọ́n bí òun sí ni kò bá òun mu. Ní 2017, ẹgbẹ́ aláṣẹ kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà fi àmì ẹ̀yẹ C. K. Nayudu, tó tóbi jù lọ́wọ́ wọn, dá òun àti Shivalkar lọ́lá pa pọ̀. Ó ti lé ní 30 ọdún tí Goel ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni lè ré 637 kọjá?

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Sáà 27 ni Goel fi ṣe é, ó ń gbá ọdọọdún nítorí pé kò síbi tí wọ́n ń pè é lọ. Lóde òní, Íńdíà ń gbá oríṣi kíríkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, owó IPL, ìdíje olówó ńlá ti Íńdíà, sì wà nílẹ̀. Ọmọ tó bá fi wíkẹ́ẹ̀tì 50 gba sáà Ranji kan, wọn ò ní fi í sílẹ̀ sí Haryana fún ọdún 20. Wọ́n á ti pè é, tàbí kí wọ́n ti rí ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.