Àpótí Pupa Oríta Yẹn Ò Tíì Kú

Bó o bá ń rìn láàárín ìlú New York, wàá rí i ní oríta: àpótí irin pupa lórí òpó, èyí tí wọ́n fi ń pe panápaná bí iná bá sọ, ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀, wọ́n ti lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé òkú nǹkan ni, pé látìgbà tí fóònù ti wọ àpò gbogbo ayé ni ìjọba ti já wáyà rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó bá fà á ṣeré, panápaná ló máa wá bá a níbẹ̀.

Boston ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1852. William Channing àti Moses Farmer ló ṣètò rẹ̀, wáyà tẹlígíráàfù, tí wọ́n fi ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ ọ̀rọ̀, ni wọ́n sì fi ṣe é. Bó o bá fa ìkọ́ àpótí náà wálẹ̀, kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ̀ bíi ti aago, á máa já iná wáyà, á tún máa so ó pọ̀. Àpótí 52, bó ṣe máa dún ní ọ́fíìsì panápaná nìyí: kó, kó, kó, kó, kó. Á dákẹ́ díẹ̀. Kó, kó. Á tún un ṣe. Kì í ṣe dùndún, kò mọ̀ ọ́n sọ pé ilé ta ló ń jó. Nọ́ńbà oríta nìkan ló ń kà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tó fà á dúró tì í, kó lè júwe ilé.

Àpótí 52 yẹn wà ní Boston lóòótọ́, ní oríta Summer àti Lincoln. Òun ni wọ́n fà lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 1872 tí iná ńlá sọ níbẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Nítorí àwọn tó ń fà á ṣeré, ńṣe ni wọ́n ń ti àpótí nígbà yẹn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá àtàwọn èèyàn díẹ̀. Àìsàn tún ti dá àwọn ẹṣin panápaná dùbúlẹ̀ lásìkò náà, èèyàn ló ń fọwọ́ wọ́ ẹ̀rọ omi. Ilé tó jó lé ní 700.

Ti New York ńkọ́? Òmíràn ṣì ní ìkọ́, òmíràn ní bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan fún panápaná, ọ̀kan fún ọlọ́pàá. Ìjọba ìlú fẹ́ hú wọn dànù ní nǹkan bí ọdún 1995, torí pé irọ́ ló pọ̀ jù nínú ìpè wọn, ìyẹn ò sì ṣeé jiyàn. Àwọn adití ló lọ sílé ẹjọ́. Adití tó wà lójú títì ò lè bá fóònù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan àpótí, wọ́n ti mọ ibi tó wà. Adájọ́ Robert Sweet dá wọn láre lọ́dún 1996. Nígbà tí Bloomberg jẹ́ olórí ìlú, ìjọba tún padà wá sílé ẹjọ́ kí wọ́n lè hú wọn; adájọ́ yìí kan náà tún kọ̀ fún wọn lọ́dún 2011.

Ọdún 2020 ni New York tó gbà kéèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. Àwọn àpótí náà ò kúrò lórí òpó wọn.