Bí òbí ṣe wọnú ìtọ́jú ọmọ tó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1990, ní Washington Heights nílùú New York, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara wọn ni wọ́n ń gbé wá sí yàrá pàjáwìrì. Ọmọ àwọn ìdílé tó ń sọ èdè Sípéènì ló pọ̀ jù nínú wọn. Dókítà á dóòlà ẹ̀mí ọmọ, á ní kó máa bọ̀ wá gba ìtọ́jú ọkàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ kì í padà wá. Mary Jane Rotheram-Borus, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá pinnu pé yàrá pàjáwìrì yẹn gan-an ni kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, tìyá-tọmọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́, torí ọ̀rọ̀ líle lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó láti lé ìdílé lọ. Ó yẹ kí àwa Yorùbá ronú síbí yìí. A máa ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ojú ń tì ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ìyá àtọmọ á wo fídíò kan tí wọ́n ṣe bí eré orí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n tó jókòó bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá wá ń bọ̀ fún ìtọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń jókòó. Wọ́n á fún kálukú ní àmì pélébé lọ́wọ́. Bí ìyá bá sọ ohun tó dùn mọ́ ọmọ, ọmọ á mú àmì kan fún un. Ìyá náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ìyá tó ti ń bá ọmọ jà láti oṣù bíi mélòó kan á wá máa wá ohun rere tó lè sọ nípa rẹ̀. Wọ́n tún ní òṣùwọ̀n kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń wo ibà, àmọ́ ìbínú àti ìrora ọkàn ni wọ́n fi ń wọ̀n, kí ọmọ lè mọ ìgbà tí ọkàn òun ń gbóná, kó sì tètè wá ẹni tó máa fọ̀rọ̀ lọ̀.

Ọ̀dọ̀ Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Philadelphia, ni gbòǹgbò irú ìtọ́jú yìí ti wá. Láti àwọn ọdún 1960 ló ti ń kọ́ àwọn aláìsàn láti yẹ èrò tó ń da ọkàn wọn rú wò. Lọ́dún 2005, òun àti Gregory Brown gbé ìwádìí jáde lórí àgbàlagbà 120 tó ti gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara wọn rí: ìtọ́jú yìí dín ìgbìyànjú mìíràn kù ní ìdajì. Àmọ́ àgbàlagbà lè dá ìtọ́jú gbà. Ní ti ọmọ, abẹ́ òrùlé òbí ló ń padà sí lálaalẹ́.

Joan Asarnow, ní Yunifásítì California tó wà ní Los Angeles (UCLA), ló gbé iṣẹ́ Rotheram-Borus síwájú. Ọmọ 181 ló wà nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 2011, níbi tí wọ́n ti bá àwọn kan nínú wọn àti ìdílé wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní yàrá pàjáwìrì. Nínú àwọn wọ̀nyí, àwọn tó ń lọ fún ìtọ́jú lẹ́yìn náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ara wọn kò yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé bíbá ìdílé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó. Nínú ètò SAFETY tó tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ 12 ni ìtọ́jú ń gbà: olùtọ́jú kan fún ọmọ, òmíràn fún òbí, wọ́n á sì jọ parí ìjókòó pọ̀. Wọ́n ń kọ́ òbí láti ti oògùn àti ohun ìjà mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Lọ́dún 2017, wọ́n dán an wò pẹ̀lú ọ̀dọ́ 42. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó gbà á tó tún gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Nínú àwọn yòókù, àwọn kan tún ṣe bẹ́ẹ̀.