Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fúnra yín ro ẹjọ́ ogún

Ọ̀pọ̀ kóòtù ló gba èèyàn láyè láti ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ ogún ni pé ẹ̀tọ́ lè wà lọ́wọ́ yín gan-an, kí adájọ́ máà sì débẹ̀ rárá, torí pé ìwé tí ẹ kọ ti kọ́kọ́ wọ́.

Orúkọ ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Òkú kì í jẹ́jọ́. Bí ẹ bá kọ orúkọ olóògbé sí ìwé ìpẹ̀jọ́ bí olùjẹ́jọ́, ẹ ò tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ máa pè ni ẹni tí ìwé ìhágún yàn láti ṣètò ogún. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ẹni tí kóòtù fún láṣẹ láti bójú tó dúkìá náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà. Pé ẹ jẹ́ ọmọ olóògbé kò tó láti fi gba gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ní kóòtù. Alábòójútó tó ti gbàṣẹ ló ni ẹjọ́ yẹn. Èyí tí ajogún lè pè lórúkọ ara rẹ̀ ni pé kí alábòójútó wá ṣírò owó, kó pín ohun tó wà nílẹ̀, tàbí kí kóòtù yọ ọ́ nípò. Ẹ má yọ ajogún kankan sílẹ̀ o, kódà ẹni tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ mọ́: ó lè padà wá ní kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ tí ẹ ti fi ọdún gbáko wá.

Gbèdéke ọjọ́ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní England, ẹni tó ń bèèrè owó ìtọ́jú látinú ogún ní oṣù 6 láti ọjọ́ tí kóòtù fún alábòójútó láṣẹ, kì í ṣe láti ọjọ́ ikú. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè ná. Ẹ béèrè ti ibi tí ẹ wà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, torí ìpàdé ẹbí kì í sún ọjọ́ náà síwájú.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ lọ́nà tí òfin kóòtù là sílẹ̀. Bó bá ń sá pamọ́, ẹ tọrọ ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ kóòtù. Ẹ má kàn yà á ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Nínú ìwé ìbúra, ohun tí ẹ rí tàbí tí ẹ mọ̀ ni ẹ máa kọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló sọ fún yín, ẹ dárúkọ rẹ̀. “Olè ni ẹ̀gbọ́n mi” kì í ṣe ẹ̀rí. Ọjọ́ tí owó kúrò ní báńkì, iye rẹ̀ àti ìwé báńkì tí ẹ so mọ́ ọn, ẹ̀rí nìyẹn. Ìwé tí ẹ fi ń dúnàá-dúrà kí ẹ lè parí ìjà, ẹ má so ó mọ́ ọn; kóòtù kì í sábà gbà á. Lẹ́tà tí ẹ bá sì kọ sí kóòtù, ẹ fún ẹnìkejì ní ẹ̀dà rẹ̀.

Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, tí wọ́n sì ti dájọ́ lẹ́yìn yín, ẹ tọrọ ìfagilé lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ìdí tí ẹ ò fi wá, kí ẹ sì fi hàn pé ẹ ní àwíjàre gidi, nítorí ẹ̀bẹ̀ nìkan kì í tó.