Ahun kì í kó jáde nínú ìkarahun rẹ̀

Bí èèyàn bá rí ìkarahun ahun lásán nínú oko tí iná jó lágbègbè Kétu, kì í pẹ́ tí wàá fi gbọ́ pé: "Ó ti kó jáde, ó ti lọ wá ilé tuntun." Irọ́ ni. Ahun náà ti kú ni.

Ìgbín ló kó wa ṣìnà. Fọ́ ìdí ìgbín, fà á, ara rẹ̀ á yọ lódindi, kò léegun kankan. Ara rẹ̀ ló ń sun nǹkan bí ẹfun jáde tó ń le di ìkarahun. Òun pàápàá kì í pààrọ̀ tirẹ̀.

Ti ahun, eegun ni. Dojú ìkarahun gbígbẹ yẹn délẹ̀, kí o wo inú rẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló gba àárín kọjá bí igi àjà, tó lẹ̀ pinpin mọ́ òrùlé. Àwọn eegun ìhà ló nà síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí wọ́n fẹ̀ bí pákó, tí wọ́n sì so mọ́ra. Eegun bí 60 ló wà nínú ìkarahun tòkè-tìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 9. Fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ: palaba èjìká rẹ wà lórí eegun ìhà. Ti ahun wà lábẹ́ eegun ìhà rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún. Ibo ló fẹ́ gbà jáde?

Àwọn ojú àpá tí àlọ́ ní wọ́n fi tò ó pọ̀ nígbà tó já bọ́ láti ọ̀run, ìpẹ́ ni, irú ohun kan náà pẹ̀lú èékánná wa. Bí ìkarahun bá gbẹ pẹ́, ìpẹ́ á ṣí, eegun funfun á yọ, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ á sì rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn. Kò bá ìlà ìpẹ́ mu rárá.

Àwọn ahun ilẹ̀ wa kan tún wà tí ẹ̀yìn ìkarahun wọn máa ń tẹ̀ wálẹ̀. Ìdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fi bò. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹni tó lu etí ìkarahun kó lè fi okùn so ahun mọ́lẹ̀, eegun ààyè ló lu. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń dùn ún. Bí alùpùpù bá gbá a lọ́nà Pobè tí ìkarahun sán, po gíráàmù iyọ̀ 9 mọ́ lítà omi kan tí o ti sè tó sì ti tutù, fi ṣan ojú rẹ̀, fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Má fi gúlúù dí i. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, á sì kẹ̀.