Tamósítáàtì, ọkọ̀ àtijọ́ àti ooru ilẹ̀ wa

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, láti Láfẹ́nwá títí dé Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, pé bí ọkọ̀ bá ń gbóná, kí a yọ tamósítáàtì rẹ̀ (ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ tutù nínú rédíétọ̀ títí omi náà yóò fi gbóná tó) sọnù, torí pé òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Bí ènìyàn bá jiyàn, wọn a bi í bóyá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní in, àti bóyá wọn kò rìn.

Òótọ́ ni pé àwọn kan kò ní in. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, kò ní tamósítáàtì, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tilẹ̀ ní pọ́ǹpù omi. Omi tó bá gbóná nínú ẹ́ńjìnnì a fúyẹ́, a gòkè lọ sínú rédíétọ̀, èyí tó ti tutù a sì gba ìsàlẹ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ yìí jẹ́rìí kì í sọ pé omi rẹ̀ a máa hó lójú ọ̀nà, tàbí pé nígbà òtútù, àwọn tó ni ín a máa fi páálí tàbí aṣọ bo iwájú rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè móoru. Bí páálí yẹn kì í bá ṣe tamósítáàtì, mi ò mọ ohun tí à bá tún pè é.

Ti ooru ilẹ̀ wa gan-an ló sú mi jù. Ọ̀pọ̀ tamósítáàtì kì í ṣí títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí 82 tàbí 88 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Oòrùn Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta, bó ti wù kó mú tó, agbára káká ni ó fi lè dé ìdajì iye yẹn. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú níbí tutù lójú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, bí èyí tó sùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó móoru, epo kì í jó tán nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù a máa ṣàn lára sílíńdà, a fọ ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, ríìngì tó ń fún písítìnnì mọ́ sílíńdà a sì máa jẹ. Tamósítáàtì ló ń gé àkókò yẹn kúrú. Bí ó bá ti ṣí tán, ojú ihò lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun náà ló tún ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà láì dé rédíétọ̀, ẹni tó bá sì yọ ọ́ nínú irú wọn ti fi kún ooru tó ń sá fún.

Mi ò sì gba tàwọn tó ń sọ pé láìsí i, omi yóò sáré kọjá nínú rédíétọ̀ débi tí kò ní ráyè tutù. Omi kan náà ló ń yí po. Bó bá yára jáde, á tún yára padà wọlé.

Ohun tó mú kí ìgbàgbọ́ yìí wà títí ni pé tamósítáàtì a máa kú sí pípadé nígbà mìíràn, bí a bá sì yọ irú èyí, ọkọ̀ yóò tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó, ẹ ó rí i tí àwo idẹ àárín rẹ̀ ń gbéra díẹ̀díẹ̀, torí ìda inú rẹ̀ ti yọ́, ó sì wú. Bí omi bá hó tí kò gbéra, ó ti kú nìyẹn, ẹ ra tuntun.

Mi ò sọ pé ọkọ̀ àgbà kan kò lè rìn láìsí i. Èyí tó ń na ọ̀nà Ìbàdàn lójoojúmọ́ lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Èyí tí kò kọjá Kútọ̀ sí Sàpọ́n, tí a ń pa kó tó móoru, ló ṣeé ṣe kó jìyà rẹ̀ jù. Kí ẹ tó dá tamósítáàtì lẹ́bi, ẹ yẹ fánbẹ́ẹ̀lì wò, àti ìdérí rédíétọ̀, àti rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ tí omi kànga lè ti dí. Ẹ má ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná o. Omi inú rẹ̀ lè ti ju 100 lọ láì hó, yóò sì tú sí yín lójú. Bí mẹkáníìkì bá sì ti yọ tiyín, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ sè é wò nílé.