Ìdíwọ̀n iṣẹ́ safety tuntun nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Safety ni wọ́n ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ méjì, tó máa ń dúró sẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn mọ́kànlá tó ń dènà nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Bí alátakò bá fi lè gba ọwọ́ wọn kọjá, kò sí ẹlòmíì lẹ́yìn mọ́. Ọ̀rọ̀ safety tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì wọ NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun, kì í sábà bára mu lẹ́nu àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn oníròyìn àti àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rere rẹ̀ ni òǹwòran kì í rí, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo lè di àmì ayò fún ẹgbẹ́ kejì lójú gbogbo ayé.

Iṣẹ́ tí ojú ń ṣe

Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, safety lè wà ní nǹkan bíi yáàdì 10 sí 15 sí i. Ẹni tó ń wò ni quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Ó ń wo ibi tí èjìká rẹ̀ kọ sí, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń nawọ́, ó ń pariwo sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ẹni tí oníkálukú máa tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Safety náà, ojú ló kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn méjèèjì, free safety ló ń ṣọ́ ọ̀gangan àárín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, strong safety sì máa ń sún mọ́ iwájú láti dá àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré dúró. Àwọn ẹgbẹ́ òde òní kì í fi ààlà yìí ṣe òfin mọ́.

Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kì í fi safety hàn dáadáa, torí bọ́ọ̀lù ló ń tẹ̀ lé. Bí quarterback bá gbójú sókè, tó rí i pé safety ti dé ibi tí òun fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí, tó wá jù ú síbòmíì, iṣẹ́ ńlá ni safety yẹn ṣe, àmọ́ kò sí ìwé ìṣirò tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Ìdí nìyí tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń lo fídíò All-22, èyí tí wọ́n ń yà láti òkè kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù 22 lè hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ nìkan ló ń rí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2012 ni NFL ti ń ta àǹfààní àtiwò ó fún ará ìta. Ẹni tí kò bá wo fídíò yìí tó sì ń dá safety lẹ́jọ́, àfi bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ apá kan.

Àwọn nọ́ńbà

Iye ìgbà tí safety gbé alátakò ṣubú ni nọ́ńbà tó yá jù láti rí, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bá ń jẹ́ kí alátakò ráyè sáré kọjá, òun ni gbogbo rẹ̀ yóò máa já lé lórí. Jalen Pitre, tí Houston Texans mú ní ipò 37 nínú draft 2022, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì, gbé alátakò ṣubú nígbà 147 ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì já bọ́ọ̀lù márùn-ún gbà lọ́wọ́ alátakò. Lórí ìwé, kí ni ènìyàn tún ń wá? Àmọ́ Texans kan náà ni àwọn alátakò gbé bọ́ọ̀lù sáré lórí wọn jù lọ ní sáà yẹn, àwọn tó sì bọ́ mọ́ Pitre lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn kò kéré rárá.

Bọ́ọ̀lù jíjá gbà náà ní àbùkù tirẹ̀. Lóòótọ́, Jairus Byrd já mẹ́sàn-án gbà fún Buffalo Bills ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 2009, iye tí ẹnikẹ́ni kò kọjá nínú líìgì ọdún náà. Ṣùgbọ́n irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń lọ sókè sódò láti ọdún dé ọdún, torí ó di ìgbà tí alátakò bá ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀dọ̀ rẹ kí o tó lè já a gbà.

Láti yẹra fún èyí, ilé iṣẹ́ Pro Football Focus, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PFF, máa ń fún agbábọ́ọ̀lù ní máàkì lórí eré kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá kúrò nílẹ̀, láti -2 dé +2, wọn yóò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fún ni ní máàkì kò sí níbi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti pín iṣẹ́. Bí alátakò kan bá wà lóun nìkan láìsí ẹni tó ṣọ́ ọ, àfi kí ó méfò ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Kyle Hamilton ní 2022

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù láìpẹ́ yìí ni ti Kyle Hamilton. Heraklion, ní erékùṣù Crete ní Gíríìsì, ni wọ́n ti bí i ní 2001, nítorí bàbá rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun ní òkè òkun. Yunifásítì Notre Dame ló lọ. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 4, èyí tó ga gan-an fún safety. Ṣáájú draft, ọ̀pọ̀ ló rò pé wọn yóò tètè mú un, kó tó di pé ó sáré 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.59 níbi ìdánwò ní Indianapolis. Àwọn kan ní kò yára tó. Ipò 14 ni Baltimore Ravens ti mú un.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 2022, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì sáà náà, Miami Dolphins wá sí Baltimore. Nígbà tí abala kẹrin bẹ̀rẹ̀, Ravens ti ń ṣáájú pẹ̀lú 35 sí 14. Lẹ́yìn náà ni Tyreek Hill sá kọjá gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan jẹ́ yáàdì 48, èkejì 60, méjèèjì sì di touchdown, ìyẹn àmì ayò. Dolphins gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, 42 sí 38. Hamilton wà lára àwọn tí wọ́n nàka sí. Ẹni tó bá tún fídíò náà wò yóò rí i pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni kò yá: àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní pápá New England Patriots, Nelson Agholor, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, gba bọ́ọ̀lù, ó sì ń sáré lọ ní abala kẹrin. Hamilton lé e bá, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́ọ̀lù náà, ó já bọ́ lọ́wọ́ Agholor, ó sì di ti Ravens. 37 sí 26 ni wọ́n fi borí. Ó dùn mọ́ni pé Agholor fúnra rẹ̀ di ará Ravens ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Bí sáà náà ṣe ń lọ, Mike Macdonald tó ń darí ìdènà Ravens ń mú Hamilton sún mọ́ iwájú, sí ipò tí wọ́n ń pè ní slot, ìyẹn ti ẹni tó ń ṣọ́ alátakò tó dúró sún mọ́ àárín ju àwọn tó wà létí pápá lọ, níbi tí gíga rẹ̀ àti ọwọ́ gígùn rẹ̀ ti wúlò, tí eré sísá 4.59 kò sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 ló gbá, mẹ́rin péré ló bẹ̀rẹ̀, kò sì já bọ́ọ̀lù kankan gbà. Síbẹ̀, nígbà tí sáà parí, PFF kà á mọ́ àwọn safety tó dára jù. Lọ́dún kejì ó já mẹ́rin gbà, méjì nínú wọn lọ́wọ́ San Francisco 49ers lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọ́n sì yàn án sí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ All-Pro, ìyẹn àkójọ àwọn tó dára jù nínú líìgì lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Ravens fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́rin tí owó rẹ̀ jẹ́ 100.4 mílíọ̀nù dọ́là.

Ipò àti ara

Ọ̀rọ̀ ipò yìí kì í ṣe ti Hamilton nìkan. Minkah Fitzpatrick, tí Dolphins mú ní ipò 11 ní 2018, ni wọ́n ń gbé láti ipò kan sí òmíràn títí tó fi ní òun fẹ́ lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2019 ló dé Pittsburgh Steelers, wọ́n fi í sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì di All-Pro lọ́dún náà gan-an. Pitre náà, ipò slot ni wọ́n gbé e lọ ní 2024, ara rẹ̀ sì mókun níbẹ̀.

Ti Lewis Cine kò rí bẹ́ẹ̀. Minnesota Vikings mú un ní ipò 32, nínú draft kan náà pẹ̀lú Hamilton. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2022, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú New Orleans Saints. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló gbá lọ́dún yẹn, kò sì ju ìwọ̀nba eré díẹ̀ lọ tí wọ́n fi í sí ipò safety. Oṣù Kẹjọ 2024 ni Vikings jọ̀wọ́ rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí ohun tí ì bá fi díwọ̀n rẹ̀.